Àwátì Ọkọ̀ Chapman
Ní 1948, Colin Chapman, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tú ògbólógbòó ọkọ̀ Austin Seven palẹ̀ nínú gáréèjì àwọn òbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó fi pákó tí a lẹ àlùmíníọ̀mù mọ́ kan ara tuntun fún un, ó sì ń fi í díje lórí òkè ẹlẹ́rẹ̀. Lotus àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní 1950 ó polówó rẹ̀, ó sì tà á. Ta ni ìbá tọ́jú ìwé ọkọ̀ àfọwọ́kàn lásán? Ta ni ó mọ̀ pé orúkọ Lotus yóò gba ife-ẹ̀yẹ Formula One ti àwọn akànmọ́tò nígbà 7? Ọkọ̀ náà di àwátì. Nọ́ńbà rẹ̀, OX 9292, ni olùwákiri lè dì mú, nítorí pákó a máa jẹrà. Ní 2018, Clive, ọmọ Chapman, rọ aráàlú láti yẹ gáréèjì àti abà wọn wò.