Ìrìn Àjò Ìdílé sí Àwọn Abúlé Etí Odò Ọ̀yán

Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ọ̀pọ̀ òbí ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò a máa rò ó lọ, wọn a sì máa rò ó bọ̀, níbi tí wọn yóò mú àwọn ọmọ wọn lọ. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí wọ́n mú wọn lọ sí abúlé. Àwọn àgbà wí pé ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò máa wí pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Abúlé kì í ṣe ohun àjèjì fún ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Abúlé àwọn Àwórì ni ibi wọ̀nyí ti wà rí, oko sì ni ó yí wọn ká. Ní Agége tí ó múlé gbè wọ́n, kòkó àti obì ni àwọn àgbẹ̀ fi di olókìkí, J. K. Coker wà lára wọn, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1907. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní ọdún 2006, iye àwọn tí wọ́n bá ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan ju mílíọ̀nù kan lọ. Ilé ti gba ipò oko, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí síbẹ̀ kò sì rí ibi tí a ti ń hú ẹ̀gẹ́ rí.

Ọ̀nà náà kò le. Láti Agége ni ìdílé lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Abẹ́òkúta. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà ojú irin àtijọ́ láti Èkó dé Ìbàdàn. Ti ìsinsìnyí, tí ó yára jù ú lọ, ni wọ́n ṣí ní ọdún 2021. Bí ẹ bá dé Abẹ́òkúta, ẹ wọ mọ́tò gba ọ̀nà Ìmàlà, ní ìhà àríwá òun ìwọ̀ oòrùn ìlú. Ní apá ibẹ̀ ni Abúlé Títun, Ìbàrò àti Ìmàlà-Odò wà.

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹ fi iṣẹ́ láfún han àwọn ọmọ. Àwọn obìnrin a rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀. Wọn a sá a sórí àpáta nínú oòrùn, wọn a sì lọ̀ ọ́ kúnná. Kì í ṣe nítorí àti rọ̀ nìkan ni rírẹ náà; májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, omi àti kíkan rẹ̀ ni ó sì ń mú un kúrò. Ẹni tí kò bá rẹ ẹ́ pẹ́ tó ń fi ara rẹ̀ wewu.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ wo adágún Ọ̀yán. Ní ọdún 1983 ni wọ́n parí ògiri tí a fi sé odò náà. Gígùn rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan mítà lọ. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, nígbà tí ìkùukùu bá ń ká kúrò lójú omi, tí àwọn apẹja sì ń tu ọkọ̀ wọn bọ̀, ojú kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé nítorí omi ìlú Èkó àti Abẹ́òkúta ni wọ́n fi sé e, àti pé omi Ọ̀yán ń ṣàn lọ bá odò Ògùn, níbi tí ilé iṣẹ́ omi Adíyàn ti ń fa omi fún Èkó.

Omi kò ní ọ̀tá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tá lè wà nínú omi. Àrùn kan wà tí a ń pè ní àtọ̀sí ajá, èyí tí ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Dókítà Theodor Bilharz ni ó rí kòkòrò rẹ̀ ní Kairo ní ọdún 1851. Bí ẹni tí ó ní i bá tọ̀ sínú omi, ẹyin kòkòrò náà a pa, ọmọ rẹ̀ a sì wọ inú ìṣáwùrú kéékèèké lọ. Níbẹ̀ ni yóò ti pọ̀ sí i, yóò sì jáde láti gba awọ ara ẹni tí ó bá wọ omi kọjá láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí egbò kankan. Omi tí kò ṣàn ni ìṣáwùrú yìí fẹ́. Nítorí náà ni àrùn náà ṣe gbilẹ̀ ní etí adágún yìí.

Nítorí náà, ẹ kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

Èkíní: Ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀. Bí ẹ bá sì bá àgbẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kí i pé, “Àroko bọ́dúndé o!”

Èkejì: Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ wẹ̀ tàbí kí ó fi ẹsẹ̀ wọ́ omi adágún, pàápàá ní ọ̀sán gangan, tí kòkòrò náà ń jáde jù.

Ẹ̀kẹta: Ẹ se omi mímu kí ó hó dáadáa. Omi ìwẹ̀ tí a bá pọn níbẹ̀, tí kò sí ìṣáwùrú nínú rẹ̀, kí ó wà nínú ìkòkò fún odindi ọjọ́ méjì kí a tó lò ó.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ sùn lábẹ́ àpò ẹ̀fọn tí a fi oògùn sí, nítorí òru ni ẹ̀fọn tí ń fa ibà ń jẹni.

Ẹ̀karùn-ún: Bí ẹnikẹ́ni bá wọ omi, kí ó lọ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ó má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá hàn. Oògùn praziquantel ń wò ó. Oníṣègùn ni yóò wọn ìwọ̀n rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwúwo ara.

Àlejò lè yẹra fún omi náà, kí ó sì padà sílé. Ọmọ abúlé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń fọ aṣọ, ibẹ̀ ni baba rẹ̀ sì ti ń pẹja. Ilẹ̀ oko àwọn baba wọn ni omi bò mọ́lẹ̀ kí ìlú ńlá lè rí omi mu, a sì ṣí wọn nípò lọ sí ibi tí wọ́n wà nísinsìnyí. Ẹ má ṣe ná ẹja àti láfún wọn ní ìnákúnàá. Ẹ san owó tí ó tọ́. Kí àwọn ọmọ yín sì mọ orúkọ abúlé wọ̀nyí, kí wọ́n lè máa dárúkọ wọn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ omi.