Bí Iyẹ̀pẹ̀ Ṣe Di Ọ̀dà Lọ́wọ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Àwọn obìnrin kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn ló ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè. Bí ọdún òrìṣà bá ti ń sún mọ́lé, wọn a kó ara wọn jọ, wọn a pa ti èṣí rẹ́, wọn a sì ya òmíràn lé ògiri náà. Ilẹ̀ pupa, efun, èédú àti oje ewé ni ọ̀dà wọn. Òjò tó bá rọ̀ lẹ́yìn náà ni yóò máa fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí di àmọ́dún. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà, bẹ́ẹ̀ ìpàtẹ ni. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà wọ́n ni pé bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá fẹ́ ṣe ìpàtẹ kékeré lórí ọ̀rọ̀ àyíká lónìí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni káàdì funfun, ọ̀dà inú ike, àwòrán ayé tó ń sunkún, àti àkọlé gàdàgbà pé kí a má ṣe da ilẹ̀ sódò. Mi ò bú ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ ló fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ti tọ̀ rí, ó sì yẹ kí àwa ará Ìlọrin mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Moyọ̀ Òkédìjí wà lára àwọn tó mú fífi erùpẹ̀ ya àwòrán wọ yunifásítì. Ọmọ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ni, òǹkọ̀wé tó kọ *Àjà Ló Lẹrù*, òun fúnra rẹ̀ sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ó tọ àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ lọ, ó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó gbà wọ́n ní olùkọ́. Láti ibẹ̀ lòun náà ti ń fi erùpẹ̀ ya àwòrán. Kí olùkọ́ yunifásítì lọ jókòó síwájú ìyá àgbà tí kò wọ kíláàsì rí kó sì máa kẹ́kọ̀ọ́, nǹkan ńlá ni lójú mi, ó sì wà lára ohun tó sọ iṣẹ́ náà di iyebíye.

Àkókò náà tún ṣe wẹ́kú. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Ní 1986 ni ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, nígbà tó sì fi máa di 1989, dọ́là kan ti lé ní náírà méje. Ọ̀dà olóròóró, kánfáàsì, búrọ́ọ̀ṣì gidi, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ tíṣà, níbo ni yóò ti rówó ọ̀dà? Erùpẹ̀ kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọdún 1989 yẹn náà ni èèyàn márùn-ún dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀: Òkédìjí, Kúnlé Filani, Tọlá Wẹ́wẹ̀, Bọ́lájí Campbell àti Túndé Nasiru. Ifẹ̀ ni gbogbo wọn ti kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fẹ́ kí àrà tí àwọn baba wa ń dá sára aṣọ, igbá, ilẹ̀kùn àti ògiri jẹ́ gbòǹgbò iṣẹ́ tuntun. Campbell kò fi ọ̀rọ̀ ògiri ojúbọ sílẹ̀ títí, odindi ìwé kan ló kọ lé e lórí, tó jáde ní 2008. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ Ọnà máa ń tẹnu mọ́ àṣà, òótọ́ sì ni. Síbẹ̀, mo gbà pé ohun tó wà nínú erùpẹ̀ yẹn ju àṣà nìkan lọ. Àwòrán tí wọ́n fi ilẹ̀ ibì kan yà kò ṣeé wò láìbéèrè pé, níbo ni wọ́n ti wa èyí? Ṣé ilẹ̀ yẹn ṣì wà bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè àyíká ti dé nìyẹn, kò sì sí àkọlé kankan lára ògiri.

Ohun tó fara jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ ní Nsukka. El Anatsui, ọmọ Ghana tí wọ́n bí ní Anyako ní 1944, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní yunifásítì ibẹ̀ ní 1975. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, ó rí àpò kan nínú igbó tó kún fún ìdérí ìgò ọtí. Ó gbé e lọ sílé, ó sì pẹ́ kó tó mọ ohun tí yóò fi ṣe. Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ, ó ń lu ihò sí wọn lára, ó ń fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀, títí wọ́n fi di aṣọ ńlá tó ń bo odindi ògiri. Àwọn ọ̀dọ́ Nsukka ló ń bá a ṣe é. Ní 2015, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀.

Kí á má sì tan ara wa, agbára ọnà ní ibi tó mọ. Ní Òṣogbo, Susanne Wenger tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, Kàsálí Àkàngbé àtàwọn ẹgbẹ́ wọn, fi ère amọ̀, sìmẹ́ǹtì àti igi dáàbò bo Igbó Ọ̀ṣun lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gé e dànù. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Igi dúró. Ṣùgbọ́n omi tó ń gba àárín rẹ̀ kọjá ti di rúdurùdu nítorí wúrà tí wọ́n ń wà ní apá Ìjẹ̀ṣà, débi pé ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má mu ún.

Odò Asà tiwa ní Ìlọrin náà la àárín ìlú kọjá, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike àti èérí ọjà ni àgbàrá ń gbá lọ sínú rẹ̀. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ agbègbè Basin bá ń gbèrò ìpàtẹ, etí odò ni mo fẹ́ kí ìpàdé àkọ́kọ́ ti wáyé. Kí wọ́n bu erùpẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n bu ti ìdí Òkè Sobi, kí wọ́n bu ti ibi tí wọ́n ń kọ́lé. Àwọ̀ wọn kò ní dọ́gba: irin tó dípẹtà nínú ilẹ̀ ló ń mú un pọ́n, èyí tó wà nínú àbàtà tí atẹ́gùn kò dé a sì máa rí bí eérú. Kí wọ́n sá a, kí wọ́n gún un, kí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ títí yóò fi kúnná bí èlùbọ́, kí wọ́n wá pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò. Pákó pẹlẹbẹ tàbí aṣọ àpò dára ju káàdì lọ, nítorí omi inú ọ̀dà náà a máa ká káàdì kò. Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ orúkọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ ti wá, ní Yorùbá.

Kí wọ́n sì yà sí Dada, ní Ìlọrin níbí. Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀ mọ amọ̀ ju olùkọ́ èyíkéyìí lọ. Wọ́n mọ èyí tí yóò sán nínú iná àti èyí tí yóò gbà á. Omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irú sè ni wọ́n ń dà sí ìkòkò gbígbóná lára kó lè dúdú kó sì máa dán, láìsí kẹ́míkà kankan. Bí wọ́n bá pè wọ́n wá síbi ìpàtẹ, kí àga wọn wà ní iwájú, kí wọ́n sì sanwó iṣẹ́ fún wọn bí wọ́n ṣe ń sanwó fún olùbánisọ̀rọ̀ yòókù.

Ní ti ọjọ́, 5 Okúdù ni Ọjọ́ Àyíká Lágbàáyé láti 1973, ó sì rọrùn fún ilé ẹ̀kọ́ láti mú un. Òjò ti ń rọ̀ ní Ìlọrin nígbà yẹn, nítorí náà ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórùlé ni kí wọ́n lò. Gbọ̀ngàn ńlá kò yẹ ẹ́, ogún àwòrán á sọnù sínú rẹ̀. Okùn àti ọparun tó láti fi gbé wọn kọ́.

Ohun kan ṣì kù. Kí wọ́n bu omi Asà sínú ìgò tó mọ́ gaara, ti òkè ìlú lọ́tọ̀, ti àárín ọjà lọ́tọ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Ìlọrin níbí ni olú-iléeṣẹ́ àjọ Lower Niger River Basin wà. Kí wọ́n kọ lẹ́tà sí wọn ní oṣù méjì ṣáájú, kí òṣìṣẹ́ wọn kan wá dúró ti ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti aago mẹ́wàá títí di aago méjì, kí àwọn ọmọ lè bi í ní ìbéèrè.