Ohun tí Ó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Àkọsílẹ̀ Ìta-gbangba lórí Ìjàm̀bá Ọkọ̀ ní Nàìjíríà

1. Ìfáárà

Ní ọdún 2016, ènìyàn 5,053 ni àkọsílẹ̀ ìjọba Nàìjíríà fi hàn pé ìjàm̀bá ọkọ̀ pa ní ojú pópó. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìròyìn rẹ̀ lórí ààbò ojú pópó jáde ní ọdún 2018, iye tí ó fojú bù fún Nàìjíríà ní ọdún 2016 kan náà jẹ́ 39,802. Bí ènìyàn bá yọ òǹkà kìn-ín-ní kúrò nínú èkejì, 34,749 ni yóò ṣẹ́kù. Èyí túmọ̀ sí pé fún òkú kan tí ó wà nínú ìwé ìjọba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́jọ tí ó wà nínú ìṣirò àjọ náà.

Ó rọrùn láti sọ pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń parọ́. Iṣẹ́ yìí kò gba ọ̀nà yẹn. Ohun tí ó fẹ́ ṣàlàyé ni bí òǹkà méjèèjì ṣe wáyé, ìdí tí wọn kò fi bára mu, àti ohun kan tí kò sí nínú èyíkéyìí wọn, èyí ni ibi gan-an tí ikú ti ṣẹlẹ̀. Ìhà tí iṣẹ́ yìí kọ sí ọ̀rọ̀ náà ni pé àkọsílẹ̀ tí kò sọ ibi tí ìjàm̀bá ti wáyé kò lè tún ọ̀nà ṣe, bí ó ti wù kí ó ṣí sílẹ̀ fún aráyé tó.

2. Orísun Òǹkà Méjèèjì

Ọ̀rọ̀ kíka òkú ojú pópó kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1977, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, tí Ilé-Ifẹ̀ àti Òṣogbo ṣì wà nínú rẹ̀, dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, ni ó ṣe aṣáájú rẹ̀. Ẹ̀mí tí ń ṣòfò lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ wà lára ohun tí ó bí ìgbésẹ̀ náà. Ní ọdún 1988, Ìjọba Àpapọ̀ fi àṣẹ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́.

Láti ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí ni òǹkà ìjọba ti ń wá. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tí ó bá dé ibẹ̀ yóò kọ iye ọkọ̀ tí ó kàn, iye ènìyàn tí ó kú, iye tí ó farapa, àti ohun tí ó jọ pé ó fà á. Wọn yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ètò ìṣirò yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà tàbí fóònù lè rí i kà láìsan kọ́bọ̀. Nínú irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti lè rí iye ìjàm̀bá ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, irú ọkọ̀ tí ó kàn, àti ohun tí ó fà á, tí eré àsápajúdé sì sábà máa ń ṣíwájú láàrin wọn.

Ní ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, kò ka òkú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń fi orúkọ gbogbo òkú sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ni àjọ náà lè gba òǹkà wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti rí. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Nítorí náà, àjọ náà ń wo iye ènìyàn tí ó wà ní orílẹ̀-èdè, iye ọkọ̀, ipò ọrọ̀ ajé àti ètò ìlera, ó sì ń fi ìwọ̀nyí wé àwọn orílẹ̀-èdè tí àkọsílẹ̀ wọn pé, kí ó tó fojú bù ú. Ìfojúbù ni 39,802. Kì í ṣe orúkọ ènìyàn 39,802.

3. Bí Òkú ṣe ń Bọ́ Kúrò nínú Ìwé

Àwọn Yorùbá ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn òǹkà tí ìwé gbé jáde, ọ̀nà mẹ́ta ni òkú lè gbà ṣáì wọ inú rẹ̀.

Èkíní ni àkókò. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé náà fi ń ṣe ìṣirò, ni pé ẹni tí ìjàm̀bá bá ṣe léṣe tí ó sì tìdí rẹ̀ kú láàrin 30 ọjọ́, ìjàm̀bá náà ni ó pa á. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni ẹ̀ṣọ́ ti ń kọ ìwé. Ẹni tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn láàyè, tí ó wá kú ní ọjọ́ kẹsàn-án, lábẹ́ àwọn tí ó farapa ni yóò wà títí, àfi bí ilé ìwòsàn bá fi ikú náà tó ẹ̀ṣọ́ létí, tí ẹ̀ṣọ́ sì tún ìwé rẹ̀ ṣe.

Èkejì ni ibi ìtọ́jú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó farapa ni ó ń dé ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ni àwọn ẹbí ń gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn tí ń to eegun, nítorí owó tàbí nítorí ìgbàgbọ́ tí wọ́n ní nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀kadà lè ṣubú lójú ọ̀nà oko tí ẹ̀ṣọ́ kankan kò sí. Àwọn ará abúlé ni yóò gbé aláìsàn náà, àwọn náà ni yóò sin ín bí ó bá kú.

Ẹ̀kẹta ni ìsìnkú. Òfin ti wà láti ọdún 1992 pé kí wọ́n máa fi orúkọ ẹni tí ó bá kú sílẹ̀. Síbẹ̀, Mùsùlùmí a máa tètè sin òkú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn mìíràn náà sì ń gbé òkú ọ̀dọ́ lọ sílé láìdúró gba ìwé. Bí kò bá sí ohun tí ìwé ikú yóò ṣe fún ẹbí, ẹbí kò ní í wá a lọ.

Kò sí irọ́ nínú ọ̀kankan lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Àlàfo tí ó wà láàrin ẹni tí ojú rẹ̀ rí ikú àti ẹni tí ó mú kálàmù lọ́wọ́ ni wọ́n fi hàn.

4. Ohun tí Àròpọ̀ ń Bò Mọ́lẹ̀

Bí gbogbo àlàfo wọ̀nyí bá tilẹ̀ dí, ìṣòro kan yóò ṣì kù. Bí ó bá ṣe pé ìpínlẹ̀ méjì ni ó wà, tí ìjàm̀bá 60 sì ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láàrin oṣù mẹ́ta, ọgbọọgba ni wọn yóò jẹ́ nínú àtẹ. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ní ìpínlẹ̀ kìn-ín-ní, ìjàm̀bá náà fọ́n káàkiri, tí ó sì jẹ́ pé ní èkejì, 20 nínú wọn ṣẹlẹ̀ ní oríta kan ṣoṣo, ní alẹ́, tí ẹni tí ọkọ̀ gbá sì jẹ́ ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ìpínlẹ̀ kìn-ín-ní nílò ìlànílọ́yẹ̀ àti ìṣọ́ ojú ọ̀nà. Ohun tí èkejì nílò ni iná àti afárá tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò gbà kọjá. Àròpọ̀ kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn.

Ohun tí ó yẹ kí ó ká ènìyàn lára jù ni pé kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó mọ ibẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí ó dúró ti òkú mọ ibi tí òun dúró sí. Ìgbà tí wọ́n bá ro ìwé rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ibẹ̀ máa ń sọnù.

5. Àpẹẹrẹ Kan láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ àpẹẹrẹ ibi tí wọn kì í ti í jẹ́ kí àròpọ̀ gbé ibi ìṣẹ̀lẹ̀ mì. Láti ọdún 1949 ni àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ti ń kọ ìjàm̀bá sínú ìwé kan náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ STATS19. Ohun tí ìjọba ń gbé síta kò mọ sí àròpọ̀. Ìjàm̀bá kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn ti farapa, láti ọdún 1979 wá, ni ó ní ìlà tirẹ̀: ọjọ́, wákàtí, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀, ìwọ̀n eré tí òfin gbà láyè níbẹ̀, bóyá ilẹ̀ mọ́ tàbí ó ṣú, àti bí ara ṣe gbọgbẹ́ tó. Wọn kì í gbé orúkọ ẹnikẹ́ni síta.

Èyí kò sọ pé ìwé wọn kò ní àbùkù. Ìjọba ibẹ̀ fúnra rẹ̀ gbà pé ọ̀pọ̀ ìfarapa kì í dé etí ọlọ́pàá, àti pé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn máa ń ju ti ọlọ́pàá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé ìtòsí oríta kan lè fi ìlà wọ̀nyí bá àwọn aláṣẹ ìlú jiyàn, àwọn aláṣẹ kò sì ní í lè sọ pé àròsọ ni.

6. Òfin àti Àṣà

Ní Nàìjíríà, òfin kò dínà. Òfin ọdún 2011 lórí òmìnira láti gba ìròyìn fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí, ó sì fún ilé iṣẹ́ náà ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ní ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ là á mọ́lẹ̀ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Ó ṣe é ṣe kí àwọn kan fi àṣà gbèjà ìpamọ́, nítorí Yorùbá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọlá ọlọ́mọ ni òwe náà ń dáàbò bò, kí ojú aráyé má baà wọ ọmọ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí ó yọ orúkọ kúrò, tí ó sì fi ibi ìjàm̀bá sílẹ̀, kò ka ọmọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà ni ó ń kà.

7. Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé òkè yìí fi hàn pé 5,053 àti 39,802 kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ohun tí ẹ̀ṣọ́ rí ni ti àkọ́kọ́. Ohun tí ìṣirò rò pé ó ṣẹlẹ̀ ni ti èkejì. Àríyànjiyàn lórí èyí tí ó tọ̀nà lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, kí oríta tí ń pa ènìyàn sì wà bí ó ti wà. Iṣẹ́ méjì ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ọ̀kan ni kí ilé ìwòsàn máa dá èsì padà fún ẹ̀ṣọ́ títí ọjọ́ 30 yóò fi pé. Èkejì ni kí wọ́n máa gbé ìjàm̀bá kọ̀ọ̀kan síta ní ìlà tirẹ̀, láìsí orúkọ, pẹ̀lú ibi àti wákàtí. Ti àkọ́kọ́ yóò gba owó àti sùúrù. Ti èkejì kò nílò ju pé kí wọ́n má ṣe sọ ohun tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ nù.