Ọkọ̀ tó ń sáré bí àrá: báwo ni kámẹ́rà ṣe ń mú un?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n eré ìje ọkọ̀ kan wà tí àfojúbà gan-an kò tó fún un. Eré náà ni wọ́n ń pè ní drag racing. Kí òǹwòran tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, eré ti parí, èéfín ló kù. Ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, inú fọ́tò ni ènìyàn ti ń rí i.

Eré náà kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ọkọ̀ méjì yóò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan, iná yóò tàn, wọn yóò sì já lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló borí. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ NHRA, tí Wally Parks dá sílẹ̀ lọ́dún 1951, ló ń ṣe àkóso ìdíje tó tóbi jù. Àwọn ọkọ̀ tó yára jù níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Top Fuel. Agbára ẹ́ńjìnnì wọn ju ti ẹṣin 11,000 lọ, nitromethane ló sì pọ̀ jù nínú epo tí wọ́n ń rọ sí i. Kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tó pé, eré wọn ti lè ju 330 máìlì ní wákàtí kan lọ.

Fọ́tò tó dá ọkọ̀ dúró

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà dé irú pápá bẹ́ẹ̀ yóò rò pé bí kámẹ́rà bá ṣe yára tó ni àwòrán yóò ṣe dára tó. Ojú kámẹ́rà ń ṣí, ó sì ń padé bí ìpéǹpéjú. Bí ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 2,000, tí ojú kámẹ́rà ṣí fún ẹyọ kan péré nínú rẹ̀, ọkọ̀ tó ń sá 330 máìlì kò ní rìn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 lọ, ìyẹn gígùn ìka ọwọ́ kan. Àwòrán yóò mọ́ kedere lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo táyà rẹ̀: bí ẹni pé kò yí rárá. Ọkọ̀ tó ń lọ bí ọta ìbọn yóò wá dà bí èyí tí wọ́n páàkì síwájú ilé. Fọ́tò náà kò parọ́, àmọ́ kò sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n máa ń dín eré kámẹ́rà kù. Wọn yóò jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣí fún ìdá kan nínú 125, tàbí ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá, wọn yóò sì máa fi kámẹ́rà tẹ̀lé ọkọ̀ bó ṣe ń kọjá. Nítorí pé kámẹ́rà ń bá a lọ lọ́gbọọgba, ara ọkọ̀ yóò hàn, ṣùgbọ́n ògiri àti àwọn òǹwòran ẹ̀yìn rẹ̀ yóò nà bí ìlà tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fà. Táyà pàápàá yóò hàn pé ó ń yí.

Ọ̀rọ̀ náà dà bíi ti ọdẹ tó rí ẹran tó ń sáré. Bó bá dojú ìbọn kọ ibì kan ṣoṣo, ẹran á ti kọjá. Ńṣe ló gbọ́dọ̀ máa fi ìbọn tọ ipa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ayàwòrán yóò ṣe fẹsẹ̀ méjèèjì múlẹ̀, yóò fún ìgbọ̀nwọ́ mọ́ra, yóò máa yí láti ìbàdí, kò sì ní dúró ní kété tó bá tẹ kámẹ́rà. Ọ̀pọ̀ fọ́tò ló máa bàjẹ́ kí ẹyọ kan tó dára.

Ní ìlà ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ọgbọ́n tí wọ́n ń lò. Ọkọ̀ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ sáré níbẹ̀, kámẹ́rà tó yára ló sì yẹ. Òun ló ń jẹ́ ká rí bí táyà ẹ̀yìn ṣe ń rún bí aṣọ tí wọn kò lọ̀, àti bí táyà iwájú ṣe ń kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, iná tó ń yọ lẹ́nu páìpù ọkọ̀ á hàn dáadáa.

Àṣìṣe tó di iyì

Kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1914 ni ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan, Jacques Henri Lartigue, ti ya ọkọ̀ ìje kan bẹ́ẹ̀. Ó yí kámẹ́rà tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kò bá a dọ́gba. Iwájú ọkọ̀ kò sí nínú fọ́tò, táyà rẹ̀ gùn bí ẹyin, àwọn òǹwòran sì dà bí igi tí ìjì tẹ̀. Fọ́tò tó jọ pé ó bàjẹ́ yìí ló wá di ọ̀kan lára àwọn tó lókìkí jù nípa eré ọkọ̀, nítorí pé ẹni tó bá wò ó yóò rí eré nínú rẹ̀.

Ẹ̀mí wà níbẹ̀

Eré yìí kì í ṣe ṣeréṣeré. Lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù kẹta, ọdún 1970, ní pápá Lions ní California, gíà ọkọ̀ Don Garlits, àgbà awakọ̀, bú gbàù bó ṣe ń kúrò lójú ìlà. Ọkọ̀ náà gé sí méjì, apá kan ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì bá a lọ. Fọ́tò ìjàǹbá yẹn ṣì ń ba ènìyàn lẹ́rù títí di òní. Iwájú awakọ̀ ni ẹ́ńjìnnì máa ń wà nígbà náà. Garlits lọ kan ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó sì gbé e jáde lọ́dún 1971. Òun ni gbogbo awakọ̀ Top Fuel wá tẹ̀lé. Lóṣù kẹfà, ọdún 2008, Scott Kalitta kú ní pápá Englishtown, New Jersey, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bú. Láti oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n ti dín ọ̀nà eré irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kù, láti 1,320 ẹsẹ̀ bàtà sí 1,000.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó bá fẹ́ ya irú fọ́tò yìí, ẹ fi nǹkan dí etí yín, ẹ dúró sẹ́yìn ògiri níbi tí àwọn aláṣẹ pápá bá ní kí ẹ dúró, kí ẹ má sì tìtorí fọ́tò kan sún mọ́ ọ̀nà ju bó ti yẹ lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú tó wà nínú kámẹ́rà kò lè rí irin tó ń fò bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́.