Ọ̀mọ̀wé tí Àwọn Àgbẹ̀ Fi Jẹ Oyè

Yinniyinni kí ẹni ó ṣe òmíràn, báyìí ni àwọn àgbà wí. Oríṣiríṣi ni ọlá tí a ń bù fún àwọn ọ̀mọ̀wé tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti ọgbà àti ti ọ̀gbìn. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga a máa sọ òmíràn di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìjọba a máa fi òmíràn ṣe olórí ilé ìwádìí, irú èyí tí ó wà fún èso àti ewébẹ̀ ní Ìdí-Ìṣìn ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1975. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ ńlá àwọn olùtọ́jú ọgbà, tí a ń pè ní Royal Horticultural Society, ti ń fi àmì-ẹ̀yẹ Victoria Medal of Honour fún àwọn ọlọgbọ́n inú wọn láti 1897 wá. Ènìyàn 63 péré ni ó lè ní in lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìrántí ọdún 63 tí Ọbabìnrin Victoria fi jọba.

Ṣùgbọ́n ọlá kan wà tí kì í ti ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé wá, bí kò ṣe ti ọwọ́ àwọn tí ń mú ọkọ́ àti àdá. Ní 1983, ìlú Ìkirè fi ọ̀mọ̀wé ará Kòríà kan, Sang Ki Hahn, jẹ oyè Ṣẹ́ríkí Àgbẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ará Ìbàràpá mọ ìdí rẹ̀, nítorí pé ẹ̀gẹ́ ni a tìtorí rẹ̀ fi ọkùnrin náà joyè, ẹ̀gẹ́ kan náà sì ni ó ń di gàrí àti láfún ní Igbó-Ọrà, ní Èrúwà àti ní Lánlátẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìyọnu méjì dìde sí ẹ̀gẹ́ ní Nàìjíríà. Èkíní ni àrùn tí ń mú kí ewé ká kò, kí ó sì ní àmì pupa rúsúrúsú àti funfun lára. Kòkòrò wínníwínní funfun kan ni ó ń gbé e láti ara igi kan dé ara èkejì, àgbẹ̀ pẹ̀lú a sì máa gbé e nígbà tí ó bá gbin igi tí ó ti ní àrùn. Èkejì ni èyí tí ń mú kí ewé rọ bí ẹni pé omi gbígbóná bà á, tí oje ń sun lára igi, tí igi sì ń kú láti orí wá sí ìsàlẹ̀. Oko di ahoro, oúnjẹ sì wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gẹ́ bá kú lóko tálákà, kí ni yóò lé ebi lọ?

Ní 1971 ni Hahn dé sí ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a ń pè ní IITA, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Amani, ní ilẹ̀ Tanganyika, ti ń mú lẹ́búlẹ́bú òdòdó ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ti igi ìgbẹ́ kan tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀, tí a máa ń kọ fún rọ́bà. Nínú irú-ọmọ wọn ni a ti yan èyí tí a sọ ní 58308 ní Moor Plantation ní Ìbàdàn. Ó le sí àrùn, ṣùgbọ́n kò ta dáradára. Hahn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ mú un pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀gẹ́ mìíràn. Nínú èyí tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Brazil kan ṣe ni TMS 30572 ti jáde, tí ó lè dúró níwájú àrùn méjèèjì, tí ó sì ń ta púpọ̀.

Nígbà tí ó di ìparí àwọn ọdún 1970, irú ẹ̀gẹ́ wọ̀nyí ti ń dé ọwọ́ àgbẹ̀. Aládùúgbò ń gé igi fún aládùúgbò, àna ń dì í fún àna, bẹ́ẹ̀ ni ó sì tàn ká. Láti nǹkan bí 1990 ni Nàìjíríà ti gba ipò kìíní nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ń wa ẹ̀gẹ́ ní gbogbo ayé.

Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá yin Hahn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ọlá méjèèjì. Ọ̀mọ̀wé a máa ka ìwé tí ẹnìkejì rẹ̀ kọ, kí ó tó yìn ín. Àgbẹ̀ kò ka ìwé Hahn; ó gbin igi rẹ̀, ó wà á, ó jẹ ẹ́, ó sì tà á fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ. Ẹ̀rí inú oko ni oyè Ìkirè.

Ní Igbó-Ọrà ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Kí òbí tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí má ṣe wí pé, “Ṣé nítorí oko ni mo ṣe rán ọ lọ sí ilé-ìwé?” Láti inú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni Ṣẹ́ríkí Àgbẹ̀ ti jáde.

Kí àgbẹ̀ sì ṣe ipa tirẹ̀, nítorí pé ẹ̀gẹ́ tí ó le sí àrùn kì í ṣe èyí tí àrùn kò lè mú rárá. Kí ó yan igi tí ó ti pé oṣù mẹ́jọ ó kéré tán, tí ewé rẹ̀ kò ká, tí kò sì ní egbò. Kí ó gé e ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, kí ojú márùn-ún sí méje wà lára rẹ̀. Kí ó fi ìwọ̀n mítà kan sí àárín ọ̀kan àti èkejì. Èyí tí ó bá hù tí ewé rẹ̀ sì ká, kí ó fà á tu ní kùtùkùtù, kí ó má sì gé igi rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.