Ẹsẹ̀ Ló Ni Ìgboro

Kí ọkọ̀ tó dé ni ẹsẹ̀ ti ń rìn. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ayé, ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn ni ó ń sá fún ọlọ́kọ̀ bí ẹni pé òun ni àlejò. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa gbé ọ̀rọ̀ ìlú Curitiba, ní ilẹ̀ Bràsíl, yẹ̀ wò.

Ní ọdún 1972, Jaime Lerner, ayàwòrán-ilé tí ó jẹ́ olórí ìlú náà, pinnu pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gba òpópónà Rua XV de Novembro kọjá mọ́. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ fárígá. Wọ́n ní bí ọkọ̀ kò bá dé, oníbàárà kò ní í dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ilé-ẹjọ́ ti tì, tí kò sí ẹni tí ó lè sáré lọ gba àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hú ojú títì. Láàárín wákàtí 72, wọ́n ti tẹ́ òkúta, wọ́n sì ti gbin òdòdó.

Kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò rí i pé ọjà ń tà. Àwọn kan nínú àwọn tí ó ti ń lọgun ni wọ́n padà wá bẹ̀bẹ̀ pé kí a fa iṣẹ́ náà gùn sí i. Àwọn ọlọ́kọ̀ kan ní tiwọn lérí pé àwọn yóò fi agbára wa ọkọ̀ gba ibẹ̀. Lerner tẹ́ bébà gígùn sí àárín títì, ó sì kó àwọn ọmọdé jọ láti fi ọ̀dà aláwọ̀ oríṣiríṣi ya àwòrán sí i. Ta ni yóò wa ọkọ̀ gun orí ọmọ ọlọ́mọ? Àwọn ọlọ́kọ̀ ṣẹ́rí padà.

Òtítọ́ kan kù tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ìjọba ológun ló wà ní Bràsíl nígbà náà. Àwọn aláṣẹ ló fi Lerner sípò, ará ìlú kọ́ ló dìbò fún un. Àwa tí a gbàgbọ́ pé ọwọ́ ará ìlú ni agbára ìjọba ti ń wá kò lè yin ṣíṣe iṣẹ́ ìlú lójijì báyìí, bí ó ti wù kí iṣẹ́ náà dára tó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún olóṣèlú àti olùkọ́. Ohun tí ojú kò rí rí ni ó ń ba oníṣòwò lẹ́rù. Kí ìgbìmọ̀ ìlú tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ kọ́kọ́ pe ará ọjà jókòó, kí ó ti títì kan ṣoṣo fún ìgbà díẹ̀, kí olúkúlùkù sì fojú ara rẹ̀ rí i, nítorí ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìlú tí ọmọdé ti lè jókòó yàwòrán láàárín títì láìfòyà ni arúgbó náà yóò ti lè rìn ní ìrọ̀rùn.