Ìdí tí idẹ fi ń há sínú irin: èèpo ọta, ọyẹ́ àti ìbọn ọdẹ ní Òkè-Ògùn

Èèpo ọta ìbọn òde òní jẹ́ agolo kékeré tí wọ́n fi idẹ ṣe. Ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, ọta òjé jókòó sí ẹnu rẹ̀, ohun ìṣáná kékeré tí òòlù ìbọn ń lù sì wà ní ìdí rẹ̀. Bí ìbọn bá dún, ọta nìkan ló ń lọ, èèpo á ṣẹ́kù. Ní Amẹ́ríkà, òfin gba ènìyàn láyè láti di ọta fún ìlò ara rẹ̀, àwọn tó ń fi í ṣòwò nìkan ló gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣa èèpo ọta ìbọn ìléwọ́ jọ lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń tún un dì nílé. Wàhálà tó sì máa ń bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ náà ni kí èèpo há sínú dáì, ìyẹn irin oníhò tí wọ́n fi ń fún un pa dà sí ìwọ̀n rẹ̀. Ọdẹ Ṣakí tàbí ti Ìsẹ́yìn ní Òkè-Ògùn kì í lo dáì, òfin Nàìjíríà kò sì gbà kó di ọta nílé. Síbẹ̀ ó mọ wàhálà yìí dáadáa, nítorí katiríìjì, ìyẹn odindi ọta pẹ̀lú èèpo rẹ̀, máa ń há sínú ìbọn tirẹ̀ náà. Ohun kan náà ló ń fa méjèèjì.

Idẹ tí wọ́n fi ń ṣe èèpo ọta jẹ́ àdàlù bàbà àti síńkì, ìdá 70 bàbà sí ìdá 30 síńkì nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí wọ́n ń wá lára rẹ̀ ni pé ó lè fẹ̀ láìya, kó sì sún pa dà díẹ̀. Nínú ìbọn ìléwọ́ tó ń lo ọta mílímítà 9, èyí tí Georg Luger ará Ọ́sítríà gbé jáde ní 1902, agbára tó ń tì nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná lè ju ìlọ́po 2,000 agbára tí afẹ́fẹ́ ayé fi ń tẹ̀ wá lọ. Idẹ á wú, á lẹ̀ pinpin mọ́ ògiri ihò tó wà, kò sì ní jẹ́ kí iná tú sẹ́yìn sí ojú ẹni tó ń yìnbọn. Kí a tó ṣẹ́jú, agbára náà ti lọ, idẹ ti sún pa dà, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ ti wà láàárín òun àti irin. Àlàfo yìí ló ń jẹ́ kí èèpo ṣeé fà jáde. Luger tún jẹ́ kí ìdí èèpo náà fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ ọ̀hún kò tó ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́wàá mílímítà kan, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí èèpo dẹ̀ ní gbàrà tó bá ti kúrò ní ibi tó jókòó sí.

Bí idẹ bá wú tán, kì í pa dà sí ìwọ̀n àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni dáì ti wọ ọ̀rọ̀. Ihò dáì kéré ju ara èèpo lọ, ọ̀pá ìfọwọ́tẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ti èèpo wọnú rẹ̀ tipátipá. Bí idẹ àti irin bá ń rin ara wọn báyìí láìsí epo láàárín wọn, ìwọ̀nba idẹ á ṣí kúrò lára èèpo, á lẹ̀ mọ́ ògiri dáì. Idẹ kékeré tó lẹ̀ yìí á máa ya ara èèpo tó bá tẹ̀ lé e, èyí náà á sì fi tirẹ̀ kún un, títí a ó fi kan èyí tí kò ní lọ síwájú mọ́, tí kò sì ní pa dà. Bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà bá wá fi agbára fà á, etí ìdí èèpo á ya, ara yòókù á jókòó sínú dáì. Òòlù kò ní yọ ọ́. Wọ́n á lu ìdí rẹ̀, wọ́n á fi ìdè oníkókó sí i, wọ́n á sì fà á díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó ń fa èyí kò pọ̀: kí epo má tó, kí iyanrìn lẹ̀ mọ́ èèpo tí wọ́n ṣà nílẹ̀, tàbí kí idẹ ti le jù nítorí pé wọ́n ti lò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Gbogbo ìgbà tí idẹ bá wú tí wọ́n sì fún un pa dà ló ń le sí i, tí kò sì fẹ́ tẹ̀ mọ́. Nítorí lílẹ̀ tí idẹ ń lẹ̀ mọ́ irin ni wọ́n ṣe ń ṣe òrùka inú ọ̀pọ̀ dáì ìbọn ìléwọ́ láti ara tungsten carbide, tó le débi pé idẹ kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, tí èèpo fi lè gba ibẹ̀ kọjá láìsí epo. Iyanrìn nìkan ló ṣì ń dá a láàmú. Dáì tí wọ́n fi ń ti ọta sẹ́nu èèpo ní tirẹ̀ kò ní ìṣòro idẹ. Ìda tí wọ́n fi ń pa ọta òjé ló ń dì sínú rẹ̀, ohun tó sì ń fẹ́ kò ju fífọ̀ lọ.

Wàhálà kan tún wà tí a kì í fi ojú rí títí ó fi ba èèpo jẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Íńdíà, wọ́n ṣàkíyèsí pé èèpo ọta tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn máa ń ya fúnra rẹ̀ ní àkókò òjò, pàápàá èyí tí wọ́n kó sí ìtòsí ibùso ẹṣin. Ní 1921 ni Moore, Beckinsale àti Mallinson tẹ ìwádìí wọn lórí rẹ̀ jáde: amóńíà inú ìtọ̀ ẹran, pẹ̀lú ọ̀rinrin òjò, ló ń wọ inú idẹ tí agbára ìfúnpọ̀ ṣì wà lára rẹ̀, tó ń yà á lẹ́bàá. Yíyọ́ná sí idẹ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ ọ́ tán ló yanjú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan Òkè-Ògùn gan-an, níbi tí ilé ewúrẹ́ àti gàá màlúù kì í jìnnà sí ilé ọdẹ. Kò yẹ kí katiríìjì sun mọ́ ibi tí ẹran ń tọ̀ sí.

Ìbọn tí ọ̀pọ̀ ọdẹ Òkè-Ògùn jogún kò ní èèpo ọta rárá. Ṣakabùlà ni, ẹnu ni wọ́n ti ń ki í: wọn á da ẹ̀tù dúdú sí i, wọn á fi ọ̀pá tì í mọ́lẹ̀, wọn á ki ọta lé e. Òfin àwọn òyìnbó wà lára ohun tó jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí lọ́wọ́ ọdẹ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1890, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára fọwọ́ sí ìwé kan ní Brussels, tó dá kíkó ìbọn òde òní wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà dúró, tó sì yọ ìbọn onókùúta àti ẹ̀tù lásán sílẹ̀. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 kò tíì parí nígbà náà. Ní ogun yẹn, àwọn Èkìtìparapọ̀ ti rí ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí gbà nípasẹ̀ àwọn ènìyàn wọn ní Èkó, ìró rẹ̀ ló sì fún ogun náà lórúkọ. Òwò ẹrú ni ìwé Brussels sọ pé òun fẹ́ pa run, ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé ọmọ ogun amúnisìn ló rí ààbò jù nínú rẹ̀.

Ṣakabùlà ní ohun tirẹ̀ tó ń há. Bí ẹ̀tù dúdú bá jó, ó lé ní ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ tí kì í di afẹ́fẹ́. Eérú oníyọ̀ ló ń dà, tó ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn. Iyọ̀ yìí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Lákòókò òjò, láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, ó ń di ẹrẹ̀, irin á sì dógùn-ún láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ó ń gan, ó sì ń dí ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé. Omi gbígbóná ló ń yọ ọ́, kí wọ́n tó gbẹ irin náà, kí wọ́n sì fi epo pa á. Epo nìkan kò lè yọ iyọ̀. Ewu tó pọ̀ jù wà nígbà tí ihò náà bá dí: iná á tàn lókè, ìbọn kò ní dún, ọdẹ tó ń kánjú nínú òkùnkùn lè rò pé òun kò ki í, kó tún ki òmíràn lé e. Ìgbà tí iná bá wọlé ni ẹ̀tù méjì á jọ gbiná, irin á sì fọ́ lójú ẹni tó dì í mú.

Katiríìjì ni ti ìbọn tí wọ́n ń ṣẹ́ láti ìdí. Èyí tí wọ́n ń pè ní 12 gba nọ́ńbà rẹ̀ nítorí pé òjé roboto 12 tó ṣe wẹ́kú ẹnu rẹ̀ wọn pọ́n-ùn kan. Ìdí rẹ̀ jẹ́ idẹ tàbí irin tí wọ́n fi idẹ bò, ara rẹ̀ jẹ́ ike. Ti àtijọ́ jẹ́ páálí, ìrì sì máa ń wú u. Òógùn inú àpò ọdẹ ń mú kí ìdí rẹ̀ dípẹtà, eruku ọyẹ́ á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ihò ìdí ìbọn bá ti dógùn-ún, ojú rẹ̀ á kún fún kòtò wẹ́wẹ́, idẹ tó wú á wọ inú àwọn kòtò náà, kò sì ní lè sún pa dà. Ìbọn tí wọ́n fi ọ̀pá omi rọ burú jù. Irin ọ̀pá omi tínrín, ó rọ̀, ojú ìjó wà lára rẹ̀. Ó máa ń fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà tó bá sì ń pa dà, á há èèpo mọ́ra. Nítorí náà, katiríìjì tó ń há léraléra nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ń sọ fún olówó rẹ̀ pé ọ̀pá náà ti ń ṣí, ọjọ́ tí yóò fọ́ kò sì jìnnà.

Òfin Ìbọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1959, tó wà nínú àkójọ òfin 2004 gẹ́gẹ́ bí orí F28, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí a kà léèwọ̀, tó jẹ́ pé àṣẹ Ààrẹ nìkan ló lè mú kó bófin mu. Ìbọn katiríìjì lásán jẹ́ ti ẹni tó gba ìwé àṣẹ. Ṣakabùlà wà ní ọ̀nà kẹta. Òfin kan náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe ọta tàbí kó tò ó pọ̀ níta ilé ohun ìjà ìjọba. Iléeṣẹ́ DICON ní Kàdúná, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964, ló ń ṣe ọta fún àwọn ọmọ ogun. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS náà fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìbọn kéékèèké àti ọta rẹ̀ ní Abújá ní oṣù Kẹfà 2006. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kìíní 2020, ìbéèrè lórí irú ìbọn tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ igbó kò dákẹ́, ó sì tọ́ kí ìjọba dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n dídi ọta nínú ilé kọ́ ni ìdáhùn náà. Ẹ̀tù tó bá fi díẹ̀ ju ìwọ̀n lọ nínú ìbọn tí irin rẹ̀ kò dá wa lójú, ọwọ́ àti ojú ló máa ń gbà.

Kí ọdẹ tí katiríìjì bá há sínú ìbọn rẹ̀ dojú ìbọn sí ibi tí kò sí ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ èyí tó lù tí kò dún, kó dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú kan kó tó ṣí i, nítorí iná lè máa jó díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Kó má fi ìṣó gbẹ́ ẹ, kó má sì fi òòlù lù ú láti ẹnu. Bí kò bá jáde nírọ̀rùn, kí ó gbé ìbọn náà àti ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ bá àwọn ọlọ́pàá, kí ẹni tó mọṣẹ́ tú u. Bí ó bá sì tún há lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹnikẹ́ni má yin ìbọn náà mọ́.